Katakata Tí Omi Ẹ́ńjìnì Rẹ̀ Ń Jò

Iná ni ó ń bẹ nínú ẹ́ńjìnì katakata, omi ni kì í sì í jẹ́ kí iná náà ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ẹni tí ó bá rí awakọ̀ katakata tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ ní òwúrọ̀, tí ó ń rọ ọ́ sẹ́nu rédíétọ̀, lè rò pé iṣẹ́ àárọ̀ lásán ni. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀ ni ó fi kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ohun tí ó ń ṣe lójoojúmọ́, àìsàn ń ṣe katakata náà, omi tí awakọ̀ ń rọ sí i sì dà bí aṣọ tí a fi bo egbò tí a kò wẹ̀.

Ní Ìjàyè, ní agbègbè Akínyẹlé, lójú ọ̀nà tí ó ti Mọ́níyà lọ sí Ìṣẹ́yìn, ọ̀rọ̀ katakata kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìlú tí ogun 1860 sí 1862, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ayé Kúrunmí, tú ká ni Ìjàyè. Lẹ́yìn náà, oko ni a wá fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1959 fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti jáde ilé-ìwé, Ìjàyè wà lára àwọn ibi tí wọ́n mú. Àgbàdo, gbágùúdá àti iṣu ni iṣẹ́ ibẹ̀. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá dé ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, gbogbo àgbẹ̀ ni ó fẹ́ túlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, katakata kan a sì máa ní oko púpọ̀ tí ń dúró dè é. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká katakata titun a ra àlòkù kékeré tí a kó wá láti òkè òkun, irú Kubota, Yanmar tàbí Iseki tí wọ́n ń ṣe ní Japan. Kò mọ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín ti lò ó. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà rẹ̀ ti gbó, tí ìpẹtà sì ti mu rédíétọ̀ rẹ̀, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi rárá. Bí ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ bá gbóná jù tí ó sì nọ́ọ̀kì, gẹ́gẹ́ bí àwọn mẹkáníìkì ti ń wí, ní ọ̀sẹ̀ tí òjò dé, kì í ṣe owó àtúnṣe nìkan ni ó lọ. Àgbàdo ọdún náà lè bá a lọ.

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a bí sí Paris ní 1858, ni ó ṣe irú ẹ́ńjìnì yìí, èyí tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ ní ìlú Augsburg ní 1897. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ilẹ̀ yìí sọ di díísù. Ẹ́ńjìnì náà kò nílò ohun tí yóò ṣáná sí i. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì ń tẹ̀ pọ̀ nínú sìlíńdà títí yóò fi gbóná gidigidi. Bí epo bá ti fọ́n sí i, iná ràn. Gbígbóná iná yìí lè kọjá 1,500 lórí ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni álúmíníọ́ọ̀mù, tí a sábà fi ń rọ písítìnì, ń yọ́ ní 660. Ìdí nìyí tí omi fi gbọ́dọ̀ máa yí sìlíńdà ká láìdúró.

Ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí omi ń tọ̀ kò lè mọ ibi tí ó ti yà kúrò lọ́nà. Ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ni omi tí ó ti tutù ń wà. Pọ́ǹpù omi a fà á gba inú rọ́bà ìsàlẹ̀, a sì tì í wọ inú ara ẹ́ńjìnì, níbi tí àyè ti wà fún un láti yí àwọn sìlíńdà ká. Láti ibẹ̀ ni yóò gùn lọ sí orí ẹ́ńjìnì, yóò sì bá ilẹ̀kùn kékeré kan pàdé, tí a ń pè ní tẹmositáàtì. Ilẹ̀kùn yìí kì í ṣí títí omi yóò fi gbóná tó nǹkan bí 80. Bí ó bá ṣí, omi a gba rọ́bà òkè padà sínú rédíétọ̀, a máa ṣàn wálẹ̀ nínú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín, fáànù a sì máa fa afẹ́fẹ́ tù ú lára. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn a máa yọ tẹmositáàtì jù nù, wọ́n ní kò wúlò ní ilẹ̀ olóoru. Kò yẹ kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì díísù tí kò gbóná tó kì í jó epo rẹ̀ tán, sìlíńdà rẹ̀ a sì tètè jẹ.

Ìdérí rédíétọ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni ó ń ṣe. Ní gbangba, omi ń hó ní 100. Nígbà tí ìdérí bá sé e mọ́, tí omi àti oru rẹ̀ sì fún mọ́ra wọn, omi náà lè kọjá 110 kí ó tó hó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná ti tú ohun tí a dè sílẹ̀: lójú ẹsẹ̀ ni omi náà yóò di oru, tí yóò sì bẹ́ sí i lójú. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó ní àpá irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ ní apá àti ní ọrùn. Ó yẹ kí ó pa ẹ́ńjìnì, kí ó dúró títí yóò fi lè di rọ́bà òkè mú láìjẹ́ pé ó jó o lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi aṣọ tí ó nípọn bo ìdérí, tí yóò yí i díẹ̀ kí oru tí ó kù lè jáde, kí ó tó ṣí i tán.

Nígbà tí a bá wá dé orí wíwá ibi tí ó ń jò, ohun tí ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni ilẹ̀. Wọ́n rí omi nílẹ̀, wọ́n sì gbójú sókè síbi tí ó kọjú sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ó ti ń jáde. Omi a máa tọ abẹ́ irin lọ kí ó tó já bọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá sì ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ fáànù a máa gbá a sẹ́yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó ń jáde lára rédíétọ̀ fi lè máa kán lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹni tí ó gbọ́n a gbé katakata sí ibi tí ó tẹ́jú, a jẹ́ kí ó tutù, a fọ ẹ̀gbin oko kúrò lára ẹ́ńjìnì, a nù ún gbẹ, a rọ omi kún un, a sì tẹ́ páálí gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tọ ipa omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, títí yóò fi dé ibi tí ó ga jù lọ tí ó lómi. Bí omi bá tilẹ̀ ti gbẹ, a máa fi àmì sílẹ̀: funfun bí ẹfun, pupa bí ìpẹtà, tàbí àwọ̀ ewé bí ó bá jẹ́ omi olóògùn tí katakata bá dé láti òkè òkun ni.

Rọ́bà àti kílíìpù tí ó dè é ni ó tọ́ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn ni wọ́n sábà máa ń jẹ̀bi, owó wọn kò sì pọ̀. Rọ́bà tí ó ti le bí igi, tàbí tí ó wú lẹ́nu, ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. A lè rí òmíràn rà ní ọjà sípéà pátì Àràròmí ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí ni rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá etí rẹ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀, àti ẹnu ibi tí a ti ń da omi rẹ̀ nù.

Pọ́ǹpù omi ní àṣírí kan. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwọn tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ dá sí i. Bí rọ́bà tí ó sé omi mọ́ nínú pọ́ǹpù bá jẹ, ihò yìí ni omi yóò gbà jáde, kí ó má baà wọ inú béárìnnì tí ń gbé ọ̀pá pọ́ǹpù yí. Ẹni tí kò mọ̀ a fi gúlúù tàbí igi dí ihò náà, inú rẹ̀ a sì dùn pé jíjò dá. Kò pẹ́ tí béárìnnì yóò fi dípẹtà tí yóò sì fọ́. Nígbà mìíràn fáànù tí ó wà lórí ọ̀pá kan náà a mì lọ mì bọ̀, a sì ya rédíétọ̀ já. Ihò náà kò ṣẹ̀. Pọ́ǹpù ni a ó pààrọ̀.

Bí ara òde bá gbẹ pátápátá, tí omi sì ń dín kù síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wọlé. Ohun èlò kan wà tí ó dà bí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, tí ó ní ọwọ́ tí ń tọ́ka sí ìwọ̀n. Mẹkáníìkì a fi í sí ẹnu rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, a sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i dé iye tí a kọ sára ìdérí. Bí ọwọ́ náà bá ń lọ sílẹ̀ tí a kò rí ẹ̀kán omi kankan níta, inú ni omi ń gbà lọ. Níbi tí kò bá sí ohun èlò yìí, ojú àti imú ṣì wúlò. Èéfín funfun tí kò dẹ́kun lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná jẹ́ ẹ̀rí kan. Ọ́ìlì tí ó dà bí tíì tí wàrà pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí tí ó lágbára jù ú lọ. Bákan náà ni omi tí ń ta pọ́pọ́ lẹ́nu rédíétọ̀ láti ìgbà tí ẹ́ńjìnì ti wà ní tútù. Kì í ṣe pé ó ń hó, afẹ́fẹ́ iná ni ó ń gba ibi tí kò yẹ wọ inú omi. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín orí àti ara ẹ́ńjìnì lè ti jó, tàbí kí orí náà ti là.

Katakata tí ó bá dé ipò yìí kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ́ìlì tí omi dà lù kò lè gbé irin lórí irin. Bí omi bá sì kún orí písítìnì, kò ṣeé tẹ̀ pọ̀ bí afẹ́fẹ́; irin tí ń ti písítìnì ni yóò wọ́. Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ kì í sáré fi gásíkẹ́ẹ̀tì titun lé orí tí ó ti wọ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fá irin kí wọ́n wò ó bóyá ó ṣì tẹ́jú, a sì fi sípánà oníwọ̀n dé àwọn bóòtù rẹ̀ láti àárín bọ̀ sí etí.

Àwọn awakọ̀ ní ọgbọ́n ojú ọ̀nà tiwọn: ẹyin tàbí ata lílọ̀ nínú rédíétọ̀, tíúbù kẹ̀kẹ́ tí a fi wé rọ́bà. Tíúbù lè mú katakata dé ilé. Ní ti ẹyin àti ata, kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ihò tí wọn yóò dí. Wọ́n a dí èyí tí ó ń jò, wọ́n a sì dí àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí omi ń gbà tutù. Èyí tí ó burú jù lọ ni kí a da omi tútù sínú ẹ́ńjìnì tí ó ń hó, nítorí irin tí ó bá ṣàdédé tutù a máa là.

Omi tí a ó rọ sí i náà ní ìtumọ̀. Omi odò ní ẹrẹ̀, omi kànga mìíràn a sì máa fi ẹfun lé ara irin. Omi òjò sàn jù wọ́n lọ. Omi olóògùn tí àwọn ará ilẹ̀ òtútù ń lò kí omi wọn má baà dì wúlò ní Ìjàyè pẹ̀lú, nítorí pé kì í jẹ́ kí irin dípẹtà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, díẹ̀díẹ̀ ni a ó rọ omi, tí a ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ láìdé e, láti ìgbà tí ó ti tutù títí tẹmositáàtì yóò fi ṣí, kí afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀ lè jáde. Omi yóò lọ sílẹ̀. A ó kún un, a ó sì dé e. Awakọ̀ yóò lò ó fún wákàtí kan, yóò jẹ́ kí ó tutù mọ́jú, yóò sì tún wò ó. Bí omi bá ṣì wà níbi tí ó wà ní àná, tí páálí abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ, a lè so irin ìtulẹ̀ mọ́ ọn.