Ìpàtẹ àti Ìdíje gẹ́gẹ́ bí Ọgbọ́n Ìkọ́ni: Àpẹẹrẹ láti Ìpájà

Iṣẹ́ yìí dá lé ìwúlò ìpàtẹ àti ìdíje ìṣẹ̀dá ohun èlò tuntun fún akẹ́kọ̀ọ́. Èrò wa ni pé ìbéèrè tí ìpàtẹ ń bí ṣe pàtàkì ju oríyìn tí ó ń mú wá lọ. Àpẹẹrẹ wa kò jìnnà. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ kan náà ni Ìpájà àti Ìkòtún wà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin láti Doregos Private Academy, Ìpájà, pàtẹ ẹ̀rọ amúnáwá kan níbi Maker Faire Africa ní Èkó. Mẹ́ta jẹ́ ọmọ ọdún 14, ìkẹrin jẹ́ ọmọ ọdún 15. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ya háídírójìn kúrò lára ìtọ̀. Wọ́n sẹ́ gáàsì náà, wọ́n mú ọ̀rinrin kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n tó darí rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Wọ́n ní lítà ìtọ̀ 1 lè mú iná wá fún wákàtí 6.

Òkìkí wọn kàn dé òkè òkun. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ tọ́ka sí i pé iná tí ìyàsọ́tọ̀ náà ń jẹ lè ju èyí tí ẹ̀rọ ń dá padà lọ, àti pé háídírójìn lè bú gbàù.

Èyí kò sọ iṣẹ́ wọn di asán. Ẹni tí ó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ bí ẹ̀yìn òun bá wọ́. Ojú ẹlòmíràn ni ìpàtẹ ń yá a. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi ìdíje, kí ó jẹ́ kí wọ́n wọn iná tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, kí wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ ara iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ pàtẹ.