Kí oníṣòwò Òkè-Ògùn tó wọkọ̀ lọ Ìbàdàn: Ìwé tí ìjọba máa béèrè ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ti kúrò ní Ṣakí ní ìdájí, tó dé ọ́fíìsì ìjọba n'Íbàdàn, tí wọ́n wá sọ fún un pé ìwé kan ṣì kù tí kò mú wá, onítọ̀hún mọ ohun tí à ń wí. Owó ọkọ̀ ti lọ, ọjọ́ ọjà ti bọ́, ó sì tún di ọjọ́ mìíràn kó tó padà lọ. Irú nǹkan báyìí ló ń mú kí oníṣòwò kéékèèké pa ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ tì, tàbí kó kó owó fún ẹni tó ń báni sáré ìwé, tó ní òun mọ ojú ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀, òfin ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe òfin àná. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ adelé ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí àṣẹ kan tó ní kí gbogbo àjọ ìjọba àpapọ̀ kọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ aráàlú síta: ìwé tí wọ́n fẹ́ rí, iye owó tí wọ́n máa gbà, àti iye ọjọ́ tí wọ́n máa lò kí wọ́n tó fèsì. Ọjọ́ 21 péré ni wọ́n fún wọn láti ṣe é. Wọ́n ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, kí wọ́n sì gbé e sórí ìkànnì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olórí àjọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì di ẹrù náà lé lórí, pé òun ni kó máa rí i pé ohun tó wà níbẹ̀ bá ìgbà mu.

Ibi tó yẹ kí oníṣòwò fi etí sí jù lọ nìyí. Àṣẹ náà sọ pé bí ohun tí wọ́n gbé jáde fún aráyé bá yàtọ̀ sí èyí tí wọn kò gbé jáde, èyí tó wà lójú táyé ló lágbára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí tábìlì kò lè ti inú ara rẹ̀ hú ìwé mìíràn jáde. Ó tún sọ pé bí ọjọ́ tí àjọ náà fúnra rẹ̀ dá bá kọjá, tí wọn kò gbà, tí wọn kò sì kọ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti gbà nìyẹn. Ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá fi hàn pé wọ́n ti gba ìbéèrè yín lọ́wọ́ yín ni yóò jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ tí ẹ mú un wá, nítorí náà, ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láìgbà á. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu òfin ìmúdẹ̀rùn okòwò, ó sì sọ irú ètò yìí di òfin tó dúró.

Àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ni àṣẹ ọdún 2017 yìí bá wí o. Kò kan àwọn tó ń gba owó ìsọ̀ fún káńsù ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 10 tó wà ní Òkè-Ògùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta òrí ní Ṣakí. Bó ṣe ń wọn òrí ní igbá lọ́jà, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nọ́ńbà NAFDAC. Àmọ́ ọjọ́ tó bá rọ ọ́ sínú ike kékeré, tó lẹ orúkọ mọ́ ọn lára, tó sì fẹ́ kí àwọn ilé ìtajà ńlá n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó máa gbà á, ọ̀rọ̀ ti di ti NAFDAC. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó bá di èlùbọ́ sínú ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ sí. Ìlànà tí àjọ náà gbé sórí ìkànnì rẹ̀ fi hàn pé ìwé ẹ̀rí CAC ni wọ́n máa béèrè, àti ẹ̀rí pé ó ti forúkọ àmì ọjà rẹ̀ sílẹ̀, àti ìwé àyẹ̀wò ìlera àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, wọ́n á sì wá wo ibi tó ti ń ṣe é. Èyí túmọ̀ sí pé CAC ló gbọ́dọ̀ ṣáájú NAFDAC. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ kà á lè lọ tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àlẹ̀mọ́ra sílẹ̀ kó tó gbọ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọjà, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, bó ṣe wúwo tó àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Owó gidi ló ń bá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin òrí náà kì í dúró lójú kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pàṣẹ pé kí wọ́n dá kíkó èso emi, tí wọ́n fi ń ṣe òrí, lọ sílẹ̀ òkèèrè dúró fún oṣù 6, kí wọ́n lè máa fi ṣe òrí nílé. Ẹni tó ń ra èso yìí jọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé kó tó náwó sí i. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe POS: ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún wọn láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́, tí kò gbọ́ ti èkejì, á kàn máa sá kiri ni.

Ní Ìsẹ́yìn, níbi tí òfì ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé, NAFDAC kò ní ohun tó kàn án pẹ̀lú aṣọ. CAC ló kan ahunṣọ, pàápàá bí oníbàárà láti Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ sanwó sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ okòwò rẹ̀, nítorí báǹkì yóò béèrè ìwé ẹ̀rí náà. Òfin CAMA ti ọdún 2020 sọ pé bó bá ń fi orúkọ ara rẹ̀ gan-an ṣòwò, láìfi nǹkan kan kún un, kò pọn dandan kó forúkọ okòwò sílẹ̀. Bó bá ti so “Enterprises” tàbí “Ventures” mọ́ ọn, ó ti di dandan. Ó lè ṣe é fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ńbà NIN rẹ̀, láìgba lọ́yà. Iye owó rẹ̀ a máa yí padà, nítorí náà, ọjọ́ tó bá fẹ́ sanwó gan-an ni kó wò ó.

Ti owó-orí kò gba ariwo púpọ̀. Ẹni tó forúkọ okòwò lásán sílẹ̀ kì í ṣe kọ́ńpìnnì. Owó-orí ti ara rẹ̀ ló ń san fún ìpínlẹ̀. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 kò sì bu owó-orí lé 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún.

Èdè ni ìṣòro tó kù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn ìlànà yìí, Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà sì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Lójú tiwa, iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní Pọ́lì tó wà ní Ṣakí: kí wọ́n tẹ ìlànà náà jáde, kí wọ́n ka a fún ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ní Yorùbá, kí wọ́n gba owó iṣẹ́ wọn. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, bí wọ́n bá ti ya owó ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára tiwọn. Kí oníṣòwò náà sì máa wo ìparí àdírẹ́sì ìkànnì kó tó sanwó; .gov.ng ló ń parí ti ìjọba. Bí òṣìṣẹ́ bá béèrè ohun tí kò sí nínú ìlànà, ìkànnì reportgov.ng ni wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹjọ́ irú èyí.

Àwọn tó ti gba ìwé CAC tipẹ́, tí wọ́n sì gbé e kọ́ ògiri, ní iṣẹ́ kan tí wọ́n máa ń gbàgbé: òfin ọdún 2020 ní kí wọ́n máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é, ìkànnì CAC yóò kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé okòwò náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ yóò rí i, títí kan báǹkì tó fẹ́ yá a lówó.