Ẹ̀fọ́ Rírò Ẹlẹ́ran: Bí A Ṣe Lè Sè É Kí Oore Inú Rẹ̀ Má Baà Ṣòfò

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó. Nígbà púpọ̀ ni a máa ń náwó sí ọbẹ̀, tí ọbẹ̀ náà a sì dùn lẹ́nu, síbẹ̀ tí a ti da èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀ nù pẹ̀lú omi tí a fi bọ ẹ̀fọ́, tàbí tí a ti fi iná jó o mọ́ inú epo. Àgbẹ̀ tí ó gbin ẹ̀fọ́, tí ó bomi rin ín, tí ó sì tu koríko ìdí rẹ̀, kò yẹ kí ó tún pàdánù èrè iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìkòkò. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin àgbẹ̀ àti àwọn ará ilé yín, láti orí ebè títí dé inú àwo, ọ̀nà tí a lè gbà se ẹ̀fọ́ rírò ẹlẹ́ran tí yóò dùn, tí yóò sì ṣe ara lóore.

ÌDÍ TÍ ỌBẸ̀ YÌÍ FI ṢE PÀTÀKÌ

Bí a bá wo oúnjẹ tí a ń jẹ lójoojúmọ́, àmàlà, ẹ̀bà, iyán, láfún àti ẹ̀kọ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn oúnjẹ wọ̀nyí ń fún wa ní agbára láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ń mú ara dàgbà àti ohun tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ kò tó nǹkan nínú wọn. Inú ọbẹ̀ ni a ti ń rí ìwọ̀nyí. Bí ọbẹ̀ bá jẹ́ omi ata lásán, a jẹ́ pé ikùn kún ni, ara kò jẹun.

Àwọn tí ìyà èyí ń jẹ jù ni aláboyún, ìyá ọlọ́mọ àti ọmọ kékeré. Aláboyún ní láti ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò tó òun àti ọmọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó, àárẹ̀ yóò máa mú un, òòyì yóò máa kọ́ ọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dà lára rẹ̀ nígbà ìbímọ, ẹ̀mí rẹ̀ lè wà nínú ewu. Ọmọ tí kò rí fítámì A tó kì í ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àìsàn bí ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi a sì máa tètè dá a gúnlẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀ yìí ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Èròjà irin, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, wà nínú ẹran, ó sì wà nínú ẹ̀fọ́. Ti inú ẹran ni ara ń tètè gbà. Ti inú ẹ̀fọ́ a máa ṣòro díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ ẹran àti ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú oúnjẹ kan náà, ẹran a máa ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀fọ́. Bákan náà ni fítámì C, tí ó wà nínú ewé tútù, ata àti tòmáàtì, ń ṣe. Ní ti fítámì A, nínú ohun tí ó mú epo pupa pọ́n àti nínú ewé tí ó dúdú mìnìjọ̀ ni ara ti ń ṣe é, kò sì lè wọ ara dáadáa bí kò bá sí ọ̀rá nínú oúnjẹ náà. Àwọn baba ńlá wa kò mọ orúkọ fítámì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó ẹran, ewé àti epo sínú ìkòkò kan, wọn kò ṣìṣe.

Ẹ̀FỌ́ LÁTI INÚ OKO

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Òun àti ṣọkọ ni a mọ̀ jù fún ẹ̀fọ́ rírò, ṣùgbọ́n ìgbagbá, ọ̀dú, wọ̀rọ̀wọ́, ebòlò àti ewé ùgwú dára pẹ̀lú. Gbúre ní omi púpọ̀ nínú. Ẹni tí yóò bá lò ó, kí ó dà á pọ̀ mọ́ ewé mìíràn tí kò lómi tó bẹ́ẹ̀, kí ọbẹ̀ má baà ṣàn.

Ebè pẹrẹsẹ kan tí ó fẹ̀ tó mítà 1, tí ó sì gùn tó mítà 10, lè wà ní ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà kí a pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí a tó fọ́n ọn, kí ó má baà pọ̀ jù lójú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ó ti tó jẹ. Bí a bá gé e dípò kí a fà á tu, yóò tún rúwé. Bí a bá sì ń fọ́n irúgbìn sí apá kan ebè ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ̀fọ́ kò ní tán nílé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ̀fọ́ ń wọ́n lọ́jà, àkùrọ̀ ni ibi tí ó yẹ kí a gbìn ín sí.

Ohun 3 ni kí a ṣọ́ra fún:

1. Ìgbẹ́ adìẹ àti ti màlúù gbọ́dọ̀ ti jẹrà dáadáa kí a tó fi í sí ebè. Èyí tí ó tutù a máa gbé kòkòrò àrùn wá sórí ewé.

2. A kò gbọdọ̀ fi oògùn tí a fi ń wọ́n kòkó wọ́n ẹ̀fọ́ láé. Bí a bá lo oògùn tí a ṣe fún ẹ̀fọ́, kí a ka iye ọjọ́ tí a kọ sára ìgò rẹ̀ pé kí a fi dúró, kí ọjọ́ náà sì pé kí a tó gé e. Àwọn oògùn kan ń wọ inú ewé lọ, fífọ̀ kò sì lè mú wọn kúrò.

3. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí a gé ẹ̀fọ́, kí a gbé e sí ibòji, kí a sì sè é lọ́jọ́ náà. Ẹ̀fọ́ tí ó rọ nínú oòrùn ti pàdánù púpọ̀ nínú fítámì C rẹ̀.

YÍYAN ẸRAN

Ọwọ́ alápatà tí ń pa ẹran rẹ̀ ní odò ẹran, níbi tí òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ni kí a ti ra ẹran. Ẹran tí ó dára a máa pupa, kì í rùn, bí a bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò dìde padà. Kò di dandan kí a ra ibi tí ó wọ́n jù. Ẹran igẹ̀ àti ti ẹsẹ̀, tí ó le díẹ̀, a máa dùn ju èyí tí ó rọ̀ lọ bí a bá fi sùúrù sè é.

Ẹran tí ó kú fúnra rẹ̀ kò ṣeé jẹ, ì báà ṣe pé ọ̀fẹ́ ni a fi í fún ni. Ní oṣù keje ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé a rí àrùn anthrax lára ẹran ọ̀sìn ní Súlèjà ní Ìpínlẹ̀ Niger. Àrùn yìí a máa pa ẹran lójijì, ó sì ń ran ènìyàn. A kò lè gbẹ́kẹ̀ lé iná ìdáná láti pa kòkòrò rẹ̀. Bí màlúù bá kú lójijì, kí a má ṣe kun ún, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án, kí a tètè ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.

Ní ti pọ̀nmọ́, a máa dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò lè dípò ẹran gidi. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ẹran púpọ̀, kí ó gé ìwọ̀nba tí ó ní sí wẹ́wẹ́, kí ó sì fi ẹja gbígbẹ àti edé kún un.

OHUN TÍ A ÓÒ LÒ (FÚN ÈNÌYÀN 6)

Ẹran màlúù, kílò 1
Ẹ̀fọ́ tí a ti ṣà, kílò 1
Tàtàṣé 4
Ata rodo 3 tàbí bí a bá ti ń jẹ ata sí
Tòmáàtì 3
Àlùbọ́sà 2
Irú wooro, ṣíbí ìjẹun 2
Edé gígún, ṣíbí ìjẹun 2
Ẹja gbígbẹ 1
Epo pupa, ìdajì agolo mílíìkì
Iyọ̀ níwọ̀nba

BÍ A ÓÒ ṢE SÈ É

1. Fọ ẹran, gé e sí ọgbọọgba kí gbogbo rẹ̀ lè jinná papọ̀. Kó o sínú ìkòkò pẹ̀lú ìdajì àlùbọ́sà 1 àti iyọ̀ díẹ̀. Bu omi sí i, kí ó ṣáà bò ó mọ́lẹ̀.

2. Dé e. Bí ó bá ti hó, dín iná kù, kí o sì jẹ́ kí ó máa hó jẹ́jẹ́ fún wákàtí 1 sí wákàtí 1 ààbọ̀. Iṣan inú ẹran líle a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi bí iná bá kéré. Iná ńlá ni ń mú ẹran le gbandi. Kí ó jinná dé inú, kí pupa má ṣe kù níbẹ̀, nítorí aràn gbọọrọ tí ń ti inú ẹran màlúù tútù wọ ara ènìyàn. Omi ẹran náà kò gbọdọ̀ ṣòfò; jẹ́ kí ó gbẹ títí yóò fi ku bí agolo mílíìkì 1.

3. Bí ẹran ti ń jinná lọ́wọ́, fọ ẹ̀fọ́ lódindi nínú omi mímọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, gbé e sínú ajọ̀ kí omi ro kúrò lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí o tó rẹ́ ẹ. Bí a bá rẹ́ ẹ kí a tó fọ̀ ọ́, omi ìfọ̀ ni yóò kó oore rẹ̀ lọ. Ẹ̀fọ́ tí ó rọ̀ bíi tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kéékèèké kò fẹ́ bíbọ̀. Bí ewé bá le, kí a da omi gbígbóná sí i fún ìṣẹ́jú 1 tàbí 2 péré. Má ṣe fi káún sí i: òótọ́ ni pé yóò mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì C àti fítámì B1 jẹ́.

4. Gún tàtàṣé, ata rodo, tòmáàtì àti àlùbọ́sà 1 pọ̀, kí ó má kúnná jù. Sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ.

5. Gbé epo kaná kí ó gbóná díẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ó funfun, tí èéfín yóò fi gba ilé kan, nítorí àwọ̀ pupa tí ó pòórá yẹn gan-an ni fítámì A tí ó wà nínú rẹ̀. Rẹ́ àlùbọ́sà tí ó kù sí i, da ata sí i, kí o sì dín in fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 títí epo yóò fi léfòó.

6. Da irú, edé, ẹja, ẹran àti omi ẹran sí i. Tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10.

7. Da ẹ̀fọ́ sí i, rò ó pọ̀, kí o sì sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 5, nígbà tí àwọ̀ ewé rẹ̀ kò tíì ṣí.

BÍ A ÓÒ ṢE PÍN IN

Kò sí oore nínú ọbẹ̀ tí kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù. Ní ilé púpọ̀, baálé ni ẹran tí ó tóbi jù ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, omi ọbẹ̀ ni a sì fi ń fún ọmọdé. Àwọn kan gbàgbọ́ pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹran tàbí ẹyin yóò ya olè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni kì í jẹ́ kí ọmọ jalè. Àìrí ẹran jẹ kò kọ́ ọmọ níwà, ṣe ni ó ń dá ìdàgbà rẹ̀ dúró. Baálé tí ó bá gé lára ẹran rẹ̀ fún aláboyún àti ọmọ kékeré ti tọ́jú agbo ilé rẹ̀.

Ọmọ tí ó ti pé oṣù 6 lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú rẹ̀, bí ó ti ń mu ọmú lọ. Kí a tó da ata sí ọbẹ̀, kí a bu omi ẹran díẹ̀ sọ́tọ̀, kí a gún ẹran kúnná, kí a sè é pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀kán epo pupa, kí a sì pò ó mọ́ ẹ̀kọ tàbí iṣu tí a tẹ̀. Fún àgbà, kí a má ṣe mu tíì mọ́ oúnjẹ yìí, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ara gba irin. Ọsàn ni ó dára kí a fi tẹ̀lé e.

BÍ A ÓÒ ṢE TỌ́JÚ ÈYÍ TÍ Ó KÙ

Bí a ti ń gbé ẹ̀fọ́ kaná lójoojúmọ́ ni oore rẹ̀ ń dínkù. Ọ̀nà tí ó dára jù ni pé kí a se ata àti ẹran tí yóò tó ọjọ́ 2, kí a máa gbé e kaná títí yóò fi hó kanlẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí a sì bu ìwọ̀n tí a óò jẹ sọ́tọ̀, kí a da ẹ̀fọ́ tútù sí i nígbà tí a bá fẹ́ jẹun. Ẹni tí ebè ẹ̀fọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé ni èyí rọrùn fún jù.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń fẹ́ irúgbìn ẹ̀fọ́ tí ó dára, ẹ lọ rí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì fọ́n ebè kìíní kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.