Ọgbẹ́ Tí Ojú Kò Rí: Àrùn Ọkàn àti Ẹ̀tọ́ Sójà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Orúkọ ìlú Wásinmi gan-an jẹ́ ìpè sí ẹni tí ó ti ṣe làálàá: wá, kí o sinmi. Ọ̀pọ̀ sójà ni ó ti bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀ tí wọ́n sì padà sí ilé bàbá wọn láti sinmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń rí ìsinmi náà.

Ẹni tí ìbọn bà lẹ́sẹ̀ lójú ogun, gbogbo ènìyàn ni ó ń rí ọ̀pá tí ó fi ń rìn. Ẹni tí àrùn ọkàn mú lẹ́nu iṣẹ́ ológun kò ní àpá kankan lára. Bí ó bá ní òun kò lè gun òkè, àwọn ènìyàn a ní ọjọ́ ogbó ni. Bí ó bá béèrè owó gbà-máà-bínú, wọn a ní kí ó mú ẹ̀rí wá. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìwé ni ó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

KÍ NI Ó Ń BA ỌKÀN JẸ́?

Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí ohun tí ó ń ba ọkàn jẹ́. Ní ọdún 2009 àti 2010, àwọn oníṣègùn ní Federal Medical Centre, Ìdí-Abà, Abẹ́òkúta, ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn ti rẹ̀ débi pé kò lè fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri ara bí ó ti yẹ mọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí 78 ni ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á. Bí a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, nǹkan bí ọdún 57 ni. Ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ìfẹ̀yìntì wọn nìyẹn.

Ẹ wo ẹni tí ó ń fa omi nínú kànga. Bí korobá bá wúwo jù lójoojúmọ́, apá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ le, yóò sì nípọn. Nígbà tí ó bá pẹ́, apá náà yóò rọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn tí ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jìjàkadì rí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí a wọ̀n ọ́n, ó ti ga nìyẹn, bí ara tilẹ̀ dá ṣáṣá. Nígbà tí ọkàn bá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀, àwọn àmì wọ̀nyí ni a máa ń rí:

1. Mímí hẹlẹ lẹ́yìn iṣẹ́ tí kò tó nǹkan.
2. Ẹsẹ̀ wíwú. Kì í ṣe pé ẹni náà tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Omi ni ó kó jọ.
3. Àìlè sùn gbalaja láìlo ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta.
4. Jíjí lójijì lóru láti wá afẹ́fẹ́.

Ẹni tí ó bá rí èyíkéyìí nínú wọn, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

ÒFIN WO NI Ó KAN SÓJÀ?

Àwọn kan máa ń ṣi ọ̀nà gbà. Òfin ọdún 2010 tí ó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ yọ àwọn ológun sílẹ̀, àfi àwọn alágbádá tí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2004 kó àwọn ológun mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń dá owó ìfẹ̀yìntì jọ, ṣùgbọ́n a yọ wọ́n kúrò nínú rẹ̀ ní ọdún 2011. Nítorí náà, Military Pensions Board, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, ni ó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì sójà àti ti ẹni tí ó di aláàbọ̀ ara nítorí iṣẹ́ ológun. Ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn ológun ni ó ń yẹ ara ẹni náà wò, tí ó sì ń sọ bí àléébù náà ti pọ̀ tó.

OKÙN MẸ́TA TÍ Ó GBỌDỌ̀ SO PỌ̀

Kì í ṣe gbogbo àrùn ọkàn ni iṣẹ́ ológun ń fà. Iyọ̀ púpọ̀, sìgá, ọtí, ọjọ́ orí àti ìran ẹni wà níbẹ̀. Nítorí èyí, nǹkan mẹ́ta ni a máa ń wò. Èkíní: ǹjẹ́ oníṣègùn ti fi ìdí àrùn náà múlẹ̀? Èkejì: kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ oníṣègùn lè so méjèèjì pọ̀? Bí ọ̀kan bá já nínú àwọn okùn wọ̀nyí, ẹ̀bẹ̀ náà lè ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ológun wọn da oògùn apagi sórí igbó Vietnam láàrin ọdún 1962 sí 1971. Ó di ọdún 2010 kí ìjọba wọn tó gbà pé àrùn ọkàn tí dídí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń fà wà lára ohun tí oògùn náà lè ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò wọ inú àkọsílẹ̀ yẹn títí di ọdún 2022. Láti ìgbà náà, sójà tí oògùn náà kàn kò ní láti wá ẹ̀rí okùn kẹta fún àwọn àrùn wọ̀nyí mọ́. Àwọn tí wọ́n ti tọ́jú ìwé wọn ni ó rọrùn fún jù. Níbẹ̀, bí iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe kí èémí tó ge é ti pọ̀ tó wà lára ohun tí a fi ń wọn àléébù ọkàn. Bí ọmọ yín bá sì wà nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ fún un pé ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005 níbẹ̀ ní gbèdéke: ọdún 7 ni wọ́n sábà ń fún ènìyàn láti béèrè.

KÍ NI KÍ Ẹ ṢE?

Bí ẹ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ rí i pé a ń wọn ìfúnpá yín, a sì ń kọ ọ́ sínú fáìlì. Ẹ má ṣe fi àìsàn pamọ́ nítorí ìgbéga. Àìsàn tí a kò kọ sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣẹlẹ̀ lójú ẹni tí yóò ka fáìlì náà lẹ́yìn ogún ọdún.

Bí ẹ bá fẹ́ fẹ̀yìn tì, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ara kí ẹ tó kúrò, kí ẹ sì gba ẹ̀dà èsì rẹ̀.

Bí ẹ bá ti fẹ̀yìn tì, ẹ kó ìwé ìfẹ̀yìntì, káàdì ilé ìwòsàn, èsì ẹ̀rọ tí ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé àti orúkọ oògùn yín sínú àpò kan. Ẹ ní kí oníṣègùn kọ ọjọ́ tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ẹ kò lè ṣe mọ́. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe fi owó lé agbódegbà lọ́wọ́. Ẹ má sì parọ́, nítorí irọ́ kan lè ba òtítọ́ mẹ́wàá jẹ́.

Ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ, ẹ mọ ibi tí àpò ìwé náà wà. Àwọn tí wọ́n ja ogun abẹ́lé láàrin ọdún 1967 sí 1970 ti di àgbàlagbà. Ìrántí ń sá fún wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ béèrè orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn àti ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de owó kí ẹ tó gba ìtọ́jú. Owó lè pẹ́ lọ́nà. Ọkàn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ lo oògùn yín lójoojúmọ́ bí oníṣègùn ti wí, bí ara tilẹ̀ dá. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ jáwọ́ nínú sìgá, kí ẹ sì lọ wọn ìfúnpá yín ní ilé ìlera tí ó súnmọ́ yín. Ẹni tí ó wà láàyè ni ó ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìlera lọ́ọ̀gùn ọrọ̀.