Ọwọ́ Mẹ́rin Lórí Eyín Kan

Ìlú ńlá ni púpọ̀ nínú àwọn dókítà eyín Nàìjíríà fi ṣe ibùjókòó. Ará Adó-Àwáyè ní Òkè-Ògùn tí akokoro kò bá jẹ́ kó sùn, tí egbòogi ilé kò sì ràn án, lè wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, tàbí kó tẹ̀ síwájú dé ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn. Owó ọkọ̀ ti lọ, iṣẹ́ oko ti dúró, èrò sì lè ti tò níwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun dára, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí owó rẹ̀ kò tó tẹ̀rọ, tó sì ń dín àkókò tí aláìsàn ń lò lórí àga kù: kí dókítà àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ mọ bí a ṣe ń gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ara ẹni. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Bí dókítà bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún aláìsàn tàbí ẹ̀yìn orí rẹ̀ ló ń jókòó sí. Olùrànlọ́wọ́ a wà lápá òsì, lórí àga tó ga díẹ̀ ju ti dókítà lọ, kó lè rí inú ẹnu dáadáa. Ó ti to irinṣẹ́ sínú àwo bí wọ́n ṣe máa lò ó tẹ̀léra. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ọ̀pá tó ń fa itọ́ mú. Atàǹpàkò òsì àti ìka méjì sì mú irinṣẹ́ tó kàn. Bí dókítà bá gbé tọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, olùrànlọ́wọ́ a na ìka ọmọńdinrín òsì, a fi gba ti àtijọ́, a sì fi tuntun sí i lọ́wọ́. Ẹnu irinṣẹ́ ti kọjú sí eyín tí wọ́n ń tọ́jú: ìsàlẹ̀ fún eyín ìsàlẹ̀, òkè fún ti òkè. Abẹ́ àgbọ̀n ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ gba orí ojú aláìsàn kọjá. Bí ahunṣọ Ìsẹ́yìn ṣe ń ju ọ̀kọ̀ láìgbójú kúrò lára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ojú dókítà kò kúrò nínú ẹnu. Ẹni tó ń yíjú sí àwo léraléra gbọ́dọ̀ tún wá ibi tó bá iṣẹ́ dé, ẹ̀yìn àti ọrùn rẹ̀ a sì máa jìyà. Ìjọba Amẹ́ríkà tilẹ̀ náwó ní àwọn ọdún 1960 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín lè kọ́ bí a ṣe ń bá olùrànlọ́wọ́ ṣiṣẹ́.

Àwọn kan á ní ìkánjú ló ń bí àṣìṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí ọwọ́ sáré la ń wí. Ìrìn tí kò níláárí la ń gé kúrò. Ohun mímú sì ní òfin tirẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ méjì dé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò lórí, nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ àti HIV. Inú àwo ni ìdérí rẹ̀ máa ń wà, ọwọ́ kan ni wọ́n sì fi ń ti abẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀. Àtakò tó lágbára jù ni ti owó oṣù, pàápàá níbi tó jẹ́ pé ẹni tó ń kọ káàdì náà ló ń fọ irinṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni kí wọ́n ti ya wákàtí kan pàtó sọ́tọ̀ fún fífa eyín àti dídí i, kí olùrànlọ́wọ́ lè ráyè jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbani síṣẹ́ sí ilé ìwòsàn Òkè-Ògùn, bí ẹ bá ń wá dókítà eyín, ẹ wá ẹni tí yóò jókòó tì í pẹ̀lú.