Iṣan Mẹ́ta Inú Ara Wa: Èyí Tí Ó Ń Gba Àṣẹ àti Èyí Tí Kì Í Gbà Á

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan tí ó ń gúnyán ní ìrọ̀lẹ́, yálà ní Ìpele tàbí ní Ìfọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbé ọmọ odó sókè, ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ó bá wù ú, ó lè dáwọ́ dúró láti dá ọmọ rẹ̀ lóhùn, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yìí, ọkàn rẹ̀ ń lù láìjẹ́ pé ó pàṣẹ fún un, ìfun rẹ̀ sì ń fún oúnjẹ ọ̀sán lọ síwájú láìjẹ́ pé ó mọ̀. Iṣẹ́ iṣan ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan náà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ó yẹ kí olúkúlùkù ìdílé mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn, nítorí pé ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ abiyamọ, ìmọ̀ yìí lè dá ẹ̀mí sí.

KÍ NI IṢAN?

Nínú èdè wa, a máa ń lo ọ̀rọ̀ náà, iṣan, fún ohun púpọ̀: fún ẹran ara tí ó ń yọ ní apá alágbára, fún okùn líle tí ó wà lókè gìgísẹ̀, àti fún òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Nínú àlàyé yìí, ẹran ara tí ó lè súnkì, tí ó sì lè dẹ̀, nìkan ni a ó máa pè ní iṣan. Bí ẹ bá fa ẹran màlúù bíbọ̀ ya, ẹ ó rí i pé ó jẹ́ fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tò ti ara wọn. Iṣan ni ẹ ń wò yẹn.

Báwo ni ó ṣe ń súnkì? Ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì síwájú, kí ẹ ki orí àwọn ìka ọ̀tún bọ àárín ìka òsì. Ẹ wá tì wọ́n wọlé sí i. Ìka kankan kò kúrú sí i, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kúrú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú iṣan: fọ́nrán kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ń yọ́ wọ àárín ara wọn. Ọdún 1954 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kọ́kọ́ ṣe àlàyé yìí fún ayé. Èròjà kálísíọ̀mù ni ó ń fún àwọn fọ́nrán náà láyè láti yọ́. Oúnjẹ tí a jẹ àti atẹ́gùn tí a mí símú ni ó ń fún wọn lágbára. Bí kálísíọ̀mù náà bá ti padà sí àyè rẹ̀, iṣan a dẹ̀.

Oríṣi iṣan mẹ́ta ni ó wà nínú ara, gbogbo wọn ni ó sì ń súnkì ní ọ̀nà yìí. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ jù lọ ni ẹni tí ń pàṣẹ fún wọn.

ÈKÍNNÍ: IṢAN TÍ Ó SO MỌ́ EGUNGUN

Èyí ni ó ń gbọ́ àṣẹ wa. Ó ju 600 lọ nínú ara ènìyàn. Òun ni a fi ń rìn, tí a fi ń kọ ebè, tí a fi ń rẹ́rìn-ín. Iṣan kì í tì, fífà nìkan ni ó mọ̀. Nítorí náà ni Ẹlẹ́dàá ṣe dá a ní méjì-méjì. Iṣan iwájú apá ni ó ń ká ìgbọ̀nwọ́, iṣan ẹ̀yìn apá ni ó sì ń nà án. Bí ọ̀kan bá ń fà, èkejì a dẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ní í wẹ òsì, òsì ní í wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi í mọ́.

Àṣẹ yìí ń ti inú ọpọlọ wá, ó ń gba inú egungun ẹ̀yìn kọjá, ó sì ń tọ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé inú iṣan. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kì í ba iṣan fúnra rẹ̀ jẹ́. Ibi tí okùn àṣẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú egungun ẹ̀yìn ni ó ń pa. Iṣan tí kò rí àṣẹ gbà mọ́ a sì gbẹ. Àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń ṣe òdìkejì rẹ̀: kì í jẹ́ kí iṣan rí àṣẹ ìsinmi gbà, àgbọ̀n a sì dì pa. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì, àjẹsára tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu sì ń dènà rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé irú àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti àtètèkọ́ṣe ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí mú yín dẹ́kun gbígbé ọmọ lọ fún àjẹsára.

ÈKEJÌ: IṢAN ỌKÀN

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé nígbà ọdún Igógo, a kì í lu ìlù. Agogo ni ó ń darí ijó. Ọkàn pẹ̀lú ní agogo tirẹ̀. Apá kékeré kan wà nínú ọkàn fúnra rẹ̀ tí ó ń lu agogo náà, tí gbogbo iṣan tó kù sì ń jó sí i. Ọpọlọ lè mú kí ó yára tàbí kí ó rọra, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń lù ú. Nínú àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn a máa lù ní ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan; ní ọjọ́ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 100,000. Kì í rẹ̀ ẹ́, nítorí pé lẹ́yìn lílù kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń sinmi díẹ̀.

Ohun tí ó ń ni ọkàn lára ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ìfúnpá bá pọ̀ nínú òpó ẹ̀jẹ̀, iṣan ọkàn a máa ki sí i, bí apá ẹni tí ń gbé ẹrù wúwo. Ṣùgbọ́n kíki ti ọkàn kì í ṣe agbára. Bó pẹ́ bó yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Nítorí náà, ẹ máa lọ wọn ìfúnpá yín. Bí ó bá ń tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbàkígbà tí a bá wọ̀n ọ́n, ẹ rí dókítà. Ẹ dín iyọ̀ kù. Ṣíbí ìmutí kan kò gbọ́dọ̀ kọjá fún ẹnì kan ní ọjọ́ kan.

ẸKẸTA: IṢAN INÚ

Èyí ni ó yí ìfun, àpòlúkù, àpò ìtọ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ àti ojú ọ̀nà èémí ká. Kì í yára, ṣùgbọ́n ó lè di nǹkan mú pẹ́ láìrẹ̀. Òun ni ó ń fún oúnjẹ lọ, òun náà ni ó ń fún ojú ọ̀nà èémí pọ̀ nígbà tí àsímà bá dé. Kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún un pé kí ó súnkì tàbí kí ó dẹ̀.

Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú irú iṣan yìí ni ti ilé-ọmọ nígbà oyún. Nípa rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ jù lọ.

IṢẸ́ ILÉ-ỌMỌ NÍGBÀ ÌRỌBÍ

Nígbà tí obìnrin bá ń rọbí, ilé-ọmọ a súnkì, a sì dẹ̀; a tún súnkì, a tún dẹ̀. Bí ó bá ti súnkì, ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ a dín kù. Bí ó bá dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a tún sàn, ọmọ a sì rí atẹ́gùn gbà. Nítorí náà, ìsinmi àárín ìrora méjì kì í ṣe ìmẹ́lẹ́; ẹ̀mí ọmọ ni.

Ìdí nìyí tí àgbo ìmúbíyá tàbí abẹ́rẹ́ ìmúbíyá tí a gún nílé fi léwu. Ó lè mú kí ilé-ọmọ súnkì láìsinmi, kí ọmọ má rí atẹ́gùn gbà, kí ilé-ọmọ pàápàá sì fà ya. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

LẸ́YÌN TÍ ỌMỌ BÁ TI DÉ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ ti parí bí ọmọ bá ti ké. Rárá o. Ní òpin oyún, ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ilé-ọmọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo a máa tó ìdajì lítà, èyí tí í ṣe ìwọ̀n omi inú ọ̀rá kan. Nígbà tí ibi ọmọ bá já kúrò, ẹnu àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ náà ṣí sílẹ̀. Kí ni yóò pa wọ́n dé? Iṣan ilé-ọmọ ni. Fọ́nrán rẹ̀ gba ara wọn kọjá yí òpó kọ̀ọ̀kan ká. Bí wọ́n bá súnkì, wọ́n á fún un pa, gẹ́gẹ́ bí okùn tí a fi di ẹnu àpò kòkó.

Bí ilé-ọmọ bá kọ̀ tí kò súnkì, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà. Èyí lè ṣẹlẹ̀ bí ìrọbí bá pẹ́, bí ó bá jẹ́ ìbejì, bí ìyá bá ti bímọ púpọ̀, bí díẹ̀ nínú ibi ọmọ bá ṣẹ́kù, tàbí bí ìtọ̀ bá kún àpò ìtọ̀. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí ìyá tí kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí lára rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Iṣan tí kò lè súnkì ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Ní ọdún 1906, onímọ̀ ìṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Dale, rí i pé èròjà láti inú ẹṣẹ́ kékeré ìsàlẹ̀ ọpọlọ màlúù ń mú kí ilé-ọmọ ẹranko súnkì. Láti inú irú ìmọ̀ yìí ni a ti rí abẹ́rẹ́ oxytocin tí a ń gún fún ìyá ní kété tí ọmọ bá ti dé. Ibi tútù ni a gbọ́dọ̀ máa tọ́jú abẹ́rẹ́ yìí sí, nítorí pé ooru ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ara ìyá pẹ̀lú ń pèsè èròjà kan náà nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú.

Ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2023, tí a ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, fi hàn pé bí a bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ tí ìyá ń dà, tí a sì fún un ní gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìfi falẹ̀, ìsun ẹ̀jẹ̀ tí ó le gan-an a dín kù ní ìdá 60 nínú 100.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÌDÍLÉ ṢE

1. Kí aláboyún tètè forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ó sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fún un. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kò ní èyí tí yóò fi ṣòfò.

2. Kí ó bímọ lọ́wọ́ ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, níbi tí abẹ́rẹ́ ìgbà ìbímọ wà. Ẹ bèèrè rẹ̀.

3. Ẹ fi owó ọkọ̀ pamọ́, kí ẹ sì bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ ṣáájú. Láti Òkèlúsè tàbí Ìdògún dé Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí a ń wá ọkọ̀ rẹ̀ lóru. Ètò Abiyè tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ́rẹ̀ ní ọdún 2009 dojú kọ ìdádúró mẹ́rin: ìdádúró nílé, lójú ọ̀nà, nílé ìwòsàn, àti nígbà tí a bá ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Méjì àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ìdílé.

4. Bí ọmọ bá ti dé, ẹ gbé e sí ọmú, kí ìyá sì tọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ nítòsí ìdodo lẹ́yìn tí ibi ọmọ bá ti jáde: ilé-ọmọ tí ó súnkì le bí bọ́ọ̀lù.

5. Bí ikùn náà bá rọ̀, tí aṣọ ń rin kíákíá, tí òòyì ń kọ́ ìyá, tàbí tí òtútù ń bò ó, ẹ má dúró kí ẹ̀jẹ̀ náà tó omi inú ọ̀rá kan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín jù lọ, tàbí Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Bí ẹ ti ń lọ lójú ọ̀nà, ẹ máa fi ọwọ́ ra ikùn náà yíká, kí ọmọ sì máa mu ọmú.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin agbẹ̀bí ìbílẹ̀, a kò lè pàṣẹ fún ilé-ọmọ pé kí ó súnkì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa ń gbọ́ àṣẹ, ọwọ́ wa náà ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a tètè lò wọ́n láti gbé ìyá dé ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Ìlera loògùn ọrọ̀.