Orin Kan, Ojú Àwo Kan: Adùn Àwo Háíláìfù Onitsha

Àwo háíláìfù tí wọ́n ń gbé jáde ní Onitsha láàárín ọdún 1970 sí 1990 kì í kánjú. Orin kan ṣoṣo lè gba odidi ojú àwo kan. Ìlú ọlọ́jà ńlá yìí, létí Odò Ọya, ni ilé iṣẹ́ àwo Tabansi àti Rogers All Stars wà nígbà náà. Rogers All Stars ló gbé orin "Sweet Mother" ti Prince Nico Mbarga jáde ní 1976. Atani, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni ìlú olórin háíláìfù Olóyè Stephen Osita Osadebe, ẹni tí àwo "Osondi Owendi" rẹ̀ gba ìgboro kan ní 1984.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Àwo kékeré tí ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ; kí orin tó wọni lára, ó ti tán. LP, àwo ńlá tó dé ọjà Amẹ́ríkà ní 1948, ń rọra yí, ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lórí rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà ojú kọ̀ọ̀kan lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Àwọn ẹgbẹ́ tó ti ń ṣeré mọ́jú ní òtẹ́ẹ̀lì wá ráyè ta gìtá bó ṣe wù wọ́n. Bákan náà ni Ebenezer Obey àti Sunny Adé ń so orin jùjú mọ́ra wọn lójú àwo kan láìdánu dúró.

Orin ẹnu ló sábà máa ń ṣíwájú. Lẹ́yìn náà, gìtá kan á mú ohùn kékeré kan, á máa tún un ta. Èkejì á máa dá a lóhùn níbi tó bá ti mí. Béèsì ń rìn nísàlẹ̀, kóńgà kò yẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, gìtá kìíní á yí ohùn kan péré padà, agbo á sì sọ! Etí ti mọ́ ohun tó ń bọ̀ débi pé ìyípadà tín-ín-rín di ńlá. Ibẹ̀ gan-an ni adùn orin gígùn wà, orin kúkúrú kò sì lè débẹ̀.

Ohun kan náà ló ń fa àwọn olólùfẹ́ deep house, orin tó jáde láti Chicago láàárín ọdún 1980 sí 1990, tí Larry Heard wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, DJ ló ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ olórin. Ó ní ẹ̀rọ àwo méjì. Bí àwo kìíní ti ń lọ, ó ń gbọ́ èkejì létí ara rẹ̀ nìkan, ó ń dín eré rẹ̀ kù tàbí kó fi kún un títí ìlù méjèèjì á fi bá ara wọn mu. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Technics SL-1200, àyípadà eré náà kò lè ju ìdá 8 nínú 100 lọ. Ìlù á tún fẹ́ yẹ̀, á fi ìka kan etí àwo díẹ̀. Báyìí ni orin ṣe lè lọ fún wákàtí mẹ́ta tí agbo kò ní tú.

Ilé iṣẹ́ àwo BBE ní Lọ́ńdọ̀nù ti tún àwọn àwo Tabansi kan tẹ̀, wọ́n sì ti dé ọwọ́ irú àwọn DJ bẹ́ẹ̀. Pípa wọ́n pọ̀ kò rọrùn, nítorí ọwọ́ ènìyàn ló lu ìlù wọn, eré rẹ̀ sì ń yí díẹ̀díẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí DJ jẹ́ kí ojú àwo náà lọ dópin.